Ẹ̀ẹ̀kan Ni Wọ́n Ń Béèrè

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

Ìbíwùmí fi ṣíbí sílẹ̀ nínú ọbẹ̀, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Inú mọ́tò tí wọ́n fi ṣe ilé náà há débi pé tí ẹnì kan bá yíjú, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn. Òjò ń lu òrùlé, iná gáàsì ń jó lábẹ́ ìkòkò.

"Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu," ni Olúdàpọ̀ wí. Ó ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, torí lójú tirẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ló gbé wálé. "Mo ní 'Nein, danke,' pé a ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Mo tiẹ̀ tẹrí ba díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Frau Behrens olóko fúnra wọn ló pè mí sídìí igi. Wọ́n ní ọwọ́ mi rọ̀ lára ápù, àwọn ò rí èyí tó fara gbọgbẹ́ nínú àpótí mi. Wọ́n ní àwọn ń wá tọkọtaya tí yóò máa ṣa ápù nínú àká títí di oṣù kẹta. Yàrá méjì wà lókè àká náà, ó ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó ní ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní ṣé a fẹ́."

"Ẹ wá ní rárá."

"Ta ló ní rárá? Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu! Wọ́n á tún béèrè. Tó bá di ọ̀la, wọ́n á tún béèrè."

Ìbíwùmí pa gáàsì. Tí inú obìnrin yìí bá dùn, tàbí tí kò bá tíì bàjẹ́ tán, "ẹ" ló fi máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, "ẹ" á wábi gbà, "o" á gorí àga.

"Dápọ̀, òyìnbó yìí ló fẹ́ tún béèrè? Ọdún mélòó lo ti lò ní Jámánì? Ó bi ọ́, o ní nein, ó ti tán nìyẹn! Háà! Ilé tí mo ń gbàdúrà sí láti ọdún èsí, o fẹnu ara ẹ tì í dànù!"

"Ìyá Ìní, o ò gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ni."

"Mi ò fẹ́ gbọ́. Jẹun tó o bá fẹ́ jẹun. Àbí kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta?"

Ká sòótọ́, Olúdàpọ̀ Ògúnṣọlá kì í ṣe dìndìnrìn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ló ṣe. Màmá rẹ̀ ní Ìkirè ò fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré rárá. Ọmọ tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nílé onílé, "Mo ti yó, ẹ ṣé mà" ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ebi ì báà máa pa á kú lọ. Onílé á ní "jẹun jàre," ọmọ á tún kọ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí màmá bá ti fojú sọ̀rọ̀, kí ọmọ tó lọ fọwọ́. Ẹni tó bá gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọ̀bìà ni, ó sì ti dójú ti àwọn tó bí i. Ọdún mẹ́jọ ní Jámánì ò tíì fọ ẹ̀kọ́ yẹn kúrò lára rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n gbá ife àgbáyé ní Jámánì nìyẹn. Àsíá kékeré tí wọ́n fi sára dígí mọ́tò lákòókò bọ́ọ̀lù ṣì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti fa etí rẹ̀ ya. Mọ́tò náà ni ilé wọn: ibùsùn kan lókè orí awakọ̀, tábìlì kan tó ń di ibùsùn lálẹ́, sítóòfù olójú méjì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí Olúdàpọ̀ ti ń di ẹrù ní Spandau ní Berlin kógbá sílé, tí owó ilé wọn ò ṣeé san mọ́, ni wọ́n rà á lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ò ríran wakọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ibi tí iṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń wà á lọ. Oṣù kẹrin, wọ́n á máa wa Spargel, ẹ̀fọ́ funfun tí àwọn Jámánì fẹ́ràn bí ẹ̀mí, nínú iyanrìn lẹ́yìn Berlin. Tí ó bá di oṣù kẹsàn-án, ápù ti pọ́n ní Neuenfelde létí Hamburg. Tí Kérésì bá ń bọ̀, wọ́n á padà sí Spandau lọ kan ìsọ̀ ọjà ọdún. Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n á gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kan ní Kreuzberg, Ìbíwùmí á máa fọ abọ́ nílé oúnjẹ, Olúdàpọ̀ á máa ṣe ohun tó bá rí, òtútù á sì máa gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wọ́n ní Ìdílé Ìgbín. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀lé e. Olúdàpọ̀ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, Ìbíwùmí kì í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìníolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni kì í jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Nígbà òtútù tó kọjá ní Kreuzberg, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà nínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwé rẹ̀ ń bọ̀, ilé ìwé ò sì lè máa bá wọn sáré lé ápù kiri. Ni Mama Roseline, ìyá ìjọ wọn ní Wilhelmsburg ní Hamburg, bá ní, "Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi títí ẹ ó fi ríbi dúró sí." Ó ń lọ sí ọdún kan báyìí, wọn ò tíì ríbi dúró. Yàrá méjì Frau Behrens ni ibi ìdúró àkọ́kọ́ tó yọjú sí wọn, ilé ìwé sì wà ní Neuenfelde níbẹ̀, ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìbíwùmí kọjú sí ògiri mọ́tò, kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Olúdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú màmá olóko. Ó gbé àkàbà gba iwájú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà rẹ̀.

"Moin," ni Frau Behrens kí i.

"Moin, Frau Behrens." Olúdàpọ̀ dúró, àkàbà ń bẹ léjìká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni?"

"Rárá o, kò sí nǹkan kan."

"Gut." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Olúdàpọ̀ mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo àgbàlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Inú Frau Behrens dùn. Ó wọ àká lọ, ó gbé àpò ápù kan jáde, àwọn tó pupa tó dán, ó nà án sí i. "Fún ìyàwó yín," ó ní.

"Nein, danke," ni Olúdàpọ̀ wí. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Frau Behrens mi orí, ó sì gbé àpò náà padà sínú àká. Kò bínú, kò fajú ro, ó kàn gbé e lọ ni, bí ìgbà tí èèyàn gbé àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé kúrò lọ́nà. Olúdàpọ̀ ń wo àpò náà bó ṣe ń lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Yéè! Òótọ́ ni Ìbíwùmí sọ. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò ní í béèrè mọ́ láéláé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Yàkúbù pè é láti Berlin. Àwọn méjèèjì ti jọ di ẹrù rí ní Spandau. "Ìgbín! Níbo lo wà? Ọjọ́ Túsìdé la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìsọ̀ Kérésì o. Ọ̀gá ṣì ń wá èèyàn. Ṣé kí n fi orúkọ ẹ sílẹ̀?"

"Jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lo fẹ́ rò? Ṣé ápù ò tíì tán lórí igi ni?"

Ápù ti tán lórí igi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ kúrò ní àgbàlá. Ọkàn Olúdàpọ̀ sì ti ń kó ẹrù, kí ó má purọ́ fún ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún un. Ojú ọ̀nà rọrùn fún un ju ẹnu ọ̀nà onílé lọ, torí èèyàn kì í bẹ ojú ọ̀nà kó tó gbà á. Ó jáde lọ wo ọ́ìlì, ó fẹsẹ̀ tẹ táyà kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tó gbójú sókè, Ìbíwùmí ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"O ti ń wo táyà," ni obìnrin náà wí. Ó pa fèrèsé dé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Harburg, wọ́n wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin, sọdá odò Elbe sí Wilhelmsburg. Ilé gíga kan ni Mama Roseline ń gbé. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rìn láìwọ bàtà nínú ilé, ìrẹsì sì ti wà lórí tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó, ẹ jẹun."

"Ẹ ṣé gan-an mà. A ti jẹun," ni Olúdàpọ̀ dáhùn. Tíì tí wọ́n mu láàárọ̀ ni gbogbo ohun tó wà nínú wọn.

"Irọ́ lẹ̀ ń pa. Ẹ jẹun jàre."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mama."

"Dápọ̀, mo ní kó o jẹun! Àbí májèlé ni mo fi sè é?"

Olúdàpọ̀ dìde lọ fọwọ́. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ pé ṣé o rí i báyìí. Ìbíwùmí gbójú kúrò.

Ìníolúwa ti jókòó sí tábìlì ní tirẹ̀, ó ti ga sí i. Ó kí wọn dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ Jámánì ló ń sọ bó ṣe ń jẹun. "Mama" ló ń pe Mama Roseline, bí gbogbo ìjọ ṣe ń pè é. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde lẹ́nu ọmọ náà, ìjẹun Ìbíwùmí á dúró.

"Ìní, ṣé kí n fi ẹran sí i?" ni Mama Roseline bi í.

"Ja." Ọmọ náà ti na àwo rẹ̀.

"Ìníolúwa!" Olúdàpọ̀ gbé ohùn sókè. "Ṣé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Kí là ń sọ?"

Ọmọ náà wò ó, ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Jámánì, nígbà tó rí i pé ojú bàbá òun ò yí, ó yí i sí Yorùbá. "Ebi ń pa mí, Dádì. Mama bi mí, mo dẹ̀ fẹ́."

Mama Roseline bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Nílé ìwé wọn, tó bá ní òun ò fẹ́, ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n máa gbé e fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ tó débẹ̀, ebi ló ń gbé wálé lójoojúmọ́. Mo lọ bi tíṣà pé kí ló dé. Tíṣà ní, 'A ń fún un, òun ló ń sọ pé rárá, ẹ ṣé.' Ẹ̀kọ́ yín ló ń lò, ọmọ ọlọ́mọ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olúdàpọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò bu ìrẹsì mọ́. Ó ń rò ó pé ọmọ òun jókòó láàárín àwọn ọmọ tó ń jẹun, ó ń retí kí wọ́n tún bi òun, ó ń wojú, ojú kan ò sì wò ó padà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ìníolúwa ń fi sísọ́ọ̀sì gé bébà. "Ìní, ṣé o fẹ́ padà wá bá wa gbé nínú mọ́tò?"

"Nein." Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Olúdàpọ̀ tún bi í. "Ṣé o ò fẹ́ wà pẹ̀lú èmi àti Mọ́mì?"

"Nein, Dádì. Mo ti sọ ọ́."

Ìbíwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Olúdàpọ̀ wọ egungun. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò bínú sí.

"Kí ló dé tó ò fẹ́?"

"Mọ́tò máa ń lọ." Ọmọ náà gé bébà rẹ̀ dé etí. "Mo bá sùn, mo bá jí, ó ti lọ. Ṣé ó máa dúró ni?"

Olúdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bébà tó já sílẹ̀.

Nínú S-Bahn lọ́nà ìpadàbọ̀, àwọn méjèèjì ń wo omi Elbe. Ìbíwùmí ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń fi gèlè nu ojú. "Ọmọ náà ò ṣẹ̀," ó ní. "Wọ́n bi í, ó dáhùn."

"Lọ́la, màá lọ bá màmá yẹn nílé wọn."

"Kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Màá sọ pé mo fẹ́."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná Frau Behrens. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Màmá náà ń ka ìwé ìròyìn, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Frau Behrens, lọ́jọ́ tí ẹ bi mí nípa yàrá, mo ní rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tí ẹ wá ní rárá?"

"Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kì í gbà lẹ́ẹ̀kan náà. A máa kọ́kọ́ kọ̀ ná. Ẹni tó fẹ́ fúnni á tún sọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta." Màmá náà ro ọ̀rọ̀ náà. "Èmi rò pé ẹ ò fẹ́ bá mi gbé ni. Mo tiẹ̀ bínú díẹ̀." Ó pa ìwé ìròyìn rẹ̀ dé. "Àmọ́ mo ti fún tọkọtaya kan láti Poland ní yàrá yẹn. Ọjọ́ Fúráìdé ni mo fún wọn lésì. Mi ò lè yẹ àdéhùn."

Fúráìdé! Ọjọ́ tó gbá àgbàlá. Olúdàpọ̀ ní ó ti yé òun, ó ṣeun, ó yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Lọ́kàn rẹ̀, mọ́tò ti ń dún, ó ti ń gba ọ̀nà Berlin lọ. Nígbà náà ló rántí bí Ìníolúwa ṣe na àwo. Ó tún kọjú sí màmá náà.

"Mo fẹ́ fi mọ́tò mi síbí títí di oṣù kẹta. Mo fẹ́ iná láti inú àká. Mo fẹ́ iṣẹ́ tó bá ṣẹ́ kù, ì báà jẹ́ fún ẹnì kan péré nínú wa. Mo ní ọmọ, mo fẹ́ kó máa lọ sílé ìwé níbí. Mo fẹ́ ẹ gan-an."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Olúdàpọ̀, kò tíì sọ "mo fẹ́" tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń dúró kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Frau Behrens ń wo àgbàlá láti ojú fèrèsé.

"Ápù pọ̀ lọ́dún yìí," ó ní. "Ọwọ́ àwọn ará Poland nìkan ò lè ká a. Ẹ̀yin méjèèjì lè máa ṣa á. Ògiri ẹ̀yìn àká kì í gba afẹ́fẹ́, iná wà níbẹ̀, omi náà wà. Ṣé ẹ fẹ́?"

"Nein" ti ń rìn bọ̀ lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ja."

"Kọfí ńkọ́?"

"Ja."

"Ṣúgà?"

"Ja. Kó pọ̀ dáadáa."

Frau Behrens rẹ́rìn-ín. Olúdàpọ̀ ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wa mọ́tò lọ sẹ́yìn àká, ó tò ó sí ara ògiri. Ó gbé jáàkì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì táyà. Ìbíwùmí tó ń so okùn iná jáde wá bá a.

"Bàbá Ìní, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń bọ́ bàtà fún un."

Obìnrin náà wò ó títí. Nínú ìjọ tiwọn, ẹni tó bá bọ́ bàtà ti wọlé nìyẹn. Ó lọ kó igi gbọnrangandan wá láti inú àká, ó ń tì í sábẹ́ mọ́tò bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń yọ táyà.

Fóònù dún. Yàkúbù ni. "Ìgbín, ṣé o ti wà lọ́nà? Ọ̀gá ń retí ẹ lọ́la o."

"Mi ò wá mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n, wá jàre."

"Mi ò ní í wá, Yàkúbù. Má bínú, ó yẹ kí n ti pè ọ́."

"Mo tún bẹ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

"Rárá ni."

Yàkúbù bi í. "Rárá tilé wa ni àbí rárá ti Jámánì?"

"Ti Jámánì ni," ni Olúdàpọ̀ wí. Ìbíwùmí bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ mọ́tò.

Mama Roseline mú Ìníolúwa wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kò fẹ́ bọ́ ọ. Ó yí mọ́tò náà po, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ gbá igi kan, igi náà ò mì.

"Táyà ẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú àká."

"Tí mo bá sùn, ṣé ó máa lọ?"

"Kò lè lọ. Kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi lọ."

Olúdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìní, ṣé o fẹ́ sùn lọ́dọ̀ wa lónìí?"

Ọmọ náà ń rò ó. Ìbíwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò. Ahọ́n ń yún Olúdàpọ̀ láti tún un sọ, láti bẹ̀ ẹ́, láti sọ fún un pé adìyẹ wà nínú ìkòkò. Ó ti ẹnu rẹ̀ pa, ó dúró.

"Ja," ni Ìníolúwa wí. Ó bọ́ báàgì rẹ̀, ó nà án sí bàbá rẹ̀. "Ebi dẹ̀ ń pa mí."

Kó tó sọ ọ́ tán, Ìbíwùmí ti wọlé lọ tan gáàsì.